Orí Kẹrin: Ohun Tó Ń Dáàbò Bo Ọmọ Ìkókó

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ SS, ìyẹn àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kì í ṣàìsàn lọ́jọ́ ìkómọ. Á mu ọmú yó, á sùn, ara rẹ̀ á máa dán. Àwọn tó wá kí ìyá ọmọ kò ní rí ohunkóhun tó yàtọ̀ lára rẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lójijì, kó máa ké tọ̀sán-tòru, kí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ta ló gbé ọmọ yìí kẹ́yìn? Kí ni wọ́n fún un jẹ? Ṣé kì í ṣe àbíkú ni?

Ní ọdún 1948, Dókítà Janet Watson, oníṣègùn ọmọdé ní Brooklyn nílùú New York, yí ìbéèrè náà padà. Kò béèrè ohun tó kọlu ọmọ ní oṣù kẹfà. Ohun tó béèrè ni pé, nígbà tó jẹ́ pé àti inú oyún ni ọmọ ti ní àìsàn yìí, kí ló dáàbò bò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i? Ó wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ìkókó, ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ kì í tètè tẹ̀ kọrọdọ bíi ti àwọn ìyá wọn. Ó wá sọ pé ó jọ pé irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún ló ń gbà á là, àti pé bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti ń tán lára rẹ̀ ni àìsàn ń ráyè wọlé.

Inú àkíyèsí yẹn ni oògùn méjì tó lágbára jù tí a ní fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lónìí ti jáde. Ọ̀kan jẹ́ kápúsù tí wọ́n ti ń ṣe ní ìlú Àwẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Èkejì jẹ́ ìtọ́jú tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ bí àwọn méjèèjì ṣe dé á mọ bí wọ́n ṣe ń wá oògùn láyé òde òní, á sì mọ ìdí tí oògùn tó dára fi lè wà láyé kó má dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1904, Walter Clement Noel, ọmọ erékùṣù Grenada tó ń kọ́ iṣẹ́ oníṣègùn eyín ní Chicago, gbé àìsàn lọ sí ọsibítù. Dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Ernest Irons wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó sì rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kan nínú rẹ̀ rí bí dòjé. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, tẹ ìròyìn náà jáde ní 1910. Ìgbà yẹn ni àìsàn náà wọ ìwé àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, àmọ́ kì í ṣe ìgbà yẹn ló dáyé. Nílẹ̀ wa níbí, ó ti ń pa ọmọ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní máíkírósíkóòpù.

Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi hàn pé hẹmoglóbìn, ìyẹn èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, yàtọ̀ lára ẹni tó ní àìsàn yìí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀dá èèyàn máa nawọ́ sí èròjà kan ṣoṣo nínú ara pé, ìwọ ni àìsàn yìí. Nígbà tó di 1956 sí 1957, Vernon Ingram ní Cambridge tọ́ka sí ojú ibi tí àléébù náà wà gan-an. Ègé 146 ló so kọ́ra tí wọ́n di okùn kan nínú hẹmoglóbìn. Ègé kẹfà nìkan ló yí padà. Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú DNA ló fà á.

Ẹ wo wàhálà tí lẹ́tà kan yẹn ń dá sílẹ̀. Bí hẹmoglóbìn tó ní àléébù yìí, tí wọ́n ń pè ní hẹmoglóbìn S, bá ti já ọ́síjìn tó gbé sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì di okùn gígùn tó le nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rọ̀, kó lè yọ́ kọjá nínú iṣan tó tín-ín-rín, á wá le gbagidi, á há. Ibi tó bá ti há, ọ́síjìn kò ní dé ibẹ̀. Ìrora burúkú tí àwọn aláìsàn ń pè ní kíráísì nìyẹn. Ó lè há nínú eegun, nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè há nínú ọpọlọ kó sọ ọmọ ọdún márùn-ún di alárùn rọpárọsẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó péye ń gbé nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé. Èyí tó ti di dòjé kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó aláìsàn.

Kí ló wá dé tí irú àléébù bẹ́ẹ̀ kò fi parẹ́ láyé? Ní 1954, Anthony Allison tẹ iṣẹ́ rẹ̀ láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà jáde pé ẹni tó bá jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó jogún S láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ní ààbò lọ́wọ́ ibà tó lágbára. Ẹ̀fọn ló jẹ́ kí àwọn AS pọ̀ láàárín wa. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ìṣirò tó wọ́pọ̀ sì ni pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn náà lọ́dọọdún. Òwò ẹrú ló gbé e sọdá òkun. Ìdí nìyẹn tó fi wà ní Bàhíà, ní Cuba àti ní Amẹ́ríkà títí dòní.

Hẹmoglóbìn ọmọ inú oyún, tí wọ́n ń pè ní hẹmoglóbìn F, kò ní okùn tí àléébù náà wà lára rẹ̀. Okùn mìíràn ló ń lò. Bó bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú S, kì í jẹ́ kí àwọn S ráyè so kọ́ra. Lẹ́yìn ìbí, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á tì díẹ̀díẹ̀, á sì máa fi ti àgbà rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó láwọn èèyàn kan tí F wọn kì í tán. Ní ìlà oòrùn Saudi Arabia, àwọn oníṣègùn rí àwọn SS tí F pọ̀ lára wọn títí wọ́n fi dàgbà, àìsàn náà kò sì le lára wọn bíi ti àwọn ẹlòmíràn. Ó wá ṣe kedere sí àwọn onímọ̀ pé kò pọn dandan kí wọ́n tún S ṣe. Bí wọ́n bá lè dá F padà, ó ti tó.

Oògùn àtijọ́ tó rí iṣẹ́ tuntun

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà dá F padà kò wá láti inú oògùn tuntun rárá. Láti 1869 ni wọ́n ti po hydroxyurea ní Jámánì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n lè fi ṣe nínú ìṣègùn, nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1967 fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Àwọn onímọ̀ sì wá rí i pé ó máa ń mú kí mùdùnmúdùn inú eegun tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hẹmoglóbìn F. Ní 1984, Dókítà Orah Platt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston fún àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lára rẹ̀, F wọn sì lọ sókè.

Kí F lọ sókè nínú àyẹ̀wò kò tíì tó. Ṣé ìrora dínkù? Wọ́n kó àgbàlagbà 299 jọ láti ọsibítù 21 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Wọ́n fún àwọn kan ní kápúsù tí oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n fún àwọn yòókù ní kápúsù tó jọ ọ́ àmọ́ tí kò ní oògùn. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń gbé mì, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ náà kò mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é báyìí ni pé ẹni tó bá gbà pé òun ti rí oògùn máa ń sọ pé ara òun ti yá, dókítà tó fẹ́ kí iṣẹ́ òun yọrí náà sì máa ń rí ìwòsàn níbi tí kò sí. Ní oṣù kìíní ọdún 1995, wọ́n dá ìdánwò náà dúró ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, torí pé ó ti hàn gbangba: kíráísì àwọn tó ń lo oògùn ti dínkù tó nǹkan bí ìdajì. Ní 1998, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà.

Kò tètè dé Áfíríkà. Ẹ̀rù tó ba àwọn oníṣègùn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Oògùn náà lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà kù. Níbi tí ibà àti àkóràn mìíràn ti ń dá ọmọ dùbúlẹ̀, ṣé kò ní di pé oògùn ṣí ilẹ̀kùn fún ikú? Ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní REACH ló dáhùn ìbéèrè yìí. Ó lé ní 600 ọmọdé tó kópa nínú rẹ̀ ní Angola, Congo, Kẹ́ńyà àti Uganda. Èsì rẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n ń parí 2018 bọ́ sí 2019: kíráísì dínkù, àkóràn dínkù, ibà gan-an dínkù, àwọn ọmọ tó kú náà sì dínkù.

Ní Nàìjíríà, àwọn oníṣègùn ní Kano àti Kaduna lo hydroxyurea fún àwọn ọmọ tí àyẹ̀wò iṣan ọpọlọ fi hàn pé ó ṣeé ṣe gan-an kí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ní àwọn ilẹ̀ tó lówó, gbígba ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ni ìdílé tó lè máa ra ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù níbí, tí ẹ̀jẹ̀ náà á sì jẹ́ èyí tó mọ́? Wọ́n pín àwọn ọmọ náà sí méjì, àwọn kan ń lo ìwọ̀n kékeré, àwọn kan ń lo ìlọ́po méjì rẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 fi hàn pé àrùn rọpárọsẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn méjèèjì, ó sì kéré gan-an sí iye tí à bá retí ká ní wọn kò lo oògùn. Ìwọ̀n kékeré túmọ̀ sí owó kékeré. Bond Chemical tó wà ní Àwẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́, ti ń ṣe kápúsù 100 mílígíráàmù tó bá ara ọmọdé mu. Oògùn náà sì wà nínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí tí àjọ ìlera àgbáyé ń gbé jáde.

Kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń rà lójú títì lò o. Dókítà ló ń dá ìwọ̀n rẹ̀, á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Aboyún àti ẹni tó fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń pa F

Hydroxyurea ń dá F padà, ṣùgbọ́n kò dá a padà tán, kì í sì í ṣiṣẹ́ bákan náà lára gbogbo èèyàn. Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí wọ́n mọ ohun tó ń pa F nínú ara ọmọ. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn Watson ni ìdáhùn tó jáde. Wọ́n fi DNA àwọn tí F pọ̀ lára wọn wé ti àwọn tí tiwọn kéré, ó sì ń darí wọn sídìí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní BCL11A. Ní 2008, Vijay Sankaran àti Stuart Orkin ní Boston fi hàn pé jíìnì yìí ló ń pàṣẹ kí F kógbá sílé.

Ilé tó ní jẹnẹrétọ̀ máa ń ní ṣéńjóófà lára ògiri. Bí wọ́n bá fà á sókè, iná NEPA ló ń lò. Bí wọ́n bá fà á sísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀ kò bàjẹ́ nígbà tí NEPA wà, wọ́n kàn pa á ni. Bẹ́ẹ̀ ni jíìnì F wà pípé nínú ara gbogbo wa títí a fi dàgbà, BCL11A ló pa á. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan náà yọ BCL11A kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ eku tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ara eku náà sì yá.

Wọn kò kàn lè ba jíìnì náà jẹ́ lára èèyàn bẹ́ẹ̀, torí ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọpọlọ àti nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà. Ní 2013, Daniel Bauer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí apá kékeré kan lára DNA tó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan ló ti ń ran BCL11A lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gé ibẹ̀, F á padà sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ibi yòókù nínú ara kò sì ní mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí wọ́n á fi gé e ti wà nílẹ̀. Ní 2012 ni Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier fi hàn bí a ṣe lè darí CRISPR, irinṣẹ́ tí àwọn bakitéríà fi ń gé fáírọ́ọ̀sì, lọ síbi tó bá wuni lára DNA. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2020. Ní 2019, Victoria Gray, ìyá ọmọ láti ìpínlẹ̀ Mississippi, di ẹni àkọ́kọ́ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi CRISPR tọ́jú, ní Nashville. Nínú 31 tí wọ́n ti ṣọ́ pẹ́ tó nínú ìdánwò náà, 29 ló lo ó kéré tán oṣù 12 gbáko láìní kíráísì tó le. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìtọ́jú náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Casgevy, ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2023. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 8 oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà tí oògùn ń gbà dé ibi iṣẹ́

Ẹ má rò pé abẹ́rẹ́ kan ni Casgevy, tí wọ́n á gún tí aláìsàn á sì máa lọ sílé. Sẹ́ẹ̀lì ìyá tó ń bí gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ara fara pamọ́ sínú mùdùnmúdùn eegun. Kí wọ́n tó rí i mú, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn lé e jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa sẹ́ ẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti gé DNA rẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, iṣẹ́ yìí sì lè gba oṣù bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn líle, irú èyí tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, kó lè pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá àtijọ́ tó ṣẹ́ kù kí ààyè lè ṣí sílẹ̀ fún tuntun. Irun á re, ẹnu á dégbò, ó sì lè má jẹ́ kí ẹni náà bímọ mọ́. Aláìsàn á wá lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú yàrá àdáwà ní ọsibítù kí ẹ̀jẹ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà. Ìtọ́jú kejì tí FDA fọwọ́ sí lọ́jọ́ kan náà, Lyfgenia, tó ń lo fáírọ́ọ̀sì láti gbé jíìnì tuntun wọlé, jẹ́ mílíọ̀nù 3.1. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn aláṣẹ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí NHS máa san owó Casgevy fún àwọn tó bá yẹ, nǹkan bí èèyàn 50 lọ́dún. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè wà lára wọn. Ti ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù sí àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ wá di iṣẹ́ ọ̀nà. Ṣé irinṣẹ́ náà lè wọ inú eegun fúnra rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ, láìsí oògùn líle, láìsí yàrá àdáwà? Ohun tí wọ́n gbójú lé ni ẹyọ ọ̀rá tó kéré jọjọ, tí ojú kò lè rí. Irú ọ̀rá yìí ló gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára Pfizer àti ti Moderna wọ inú ara èèyàn nígbà àrùn Kòrónà. Bí wọ́n bá fi irinṣẹ́ sínú ọ̀rá náà tí wọ́n sì fà á sínú iṣan, ẹ̀dọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń lọ. Èyí ló fà á tí àìsàn ẹ̀dọ̀ fi kọ́kọ́ jàǹfààní. Ní 2025, àwọn dókítà ní Philadelphia kéde pé àwọn ti fi irú ọ̀nà yìí tọ́jú ọmọ jòjòló kan tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ tó ṣọ̀wọ́n, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún òun nìkan, láàárín oṣù díẹ̀ péré.

Eegun ló ṣòro. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Philadelphia bákan náà so ohun kan mọ́ ara ọ̀rá yìí tó ń dá sẹ́ẹ̀lì ìyá mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá náà sì dé inú eegun eku, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Eku la sọ o, kì í ṣe èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ni owó àwọn tó ń ro ti Áfíríkà tọ̀: ní 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà àti àjọ Gates kéde pé àwọn á jọ ná ó kéré tán 200 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún mẹ́rin, kí ìwòsàn jíìnì fún fòníkú-fọ̀ladìde àti HIV lè rọrùn dé ọ̀dọ̀ àwọn tálákà.

Àwọn tó kọsẹ̀

Ìwé tó bá sọ ti àwọn oògùn tó yọrí nìkan ti tan òǹkàwé jẹ. Ní 2019, FDA fọwọ́ sí voxelotor, oògùn tí kì í jẹ́ kí S tètè já ọ́síjìn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi fọwọ́ sí i ni pé iye hẹmoglóbìn lọ sókè nínú àyẹ̀wò. Kò tíì hàn pé kíráísì dínkù. Ní 2022, Pfizer ra ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé iṣẹ́ yìí kan náà kó oògùn ọ̀hún kúrò lórí igbá káàkiri ayé. Àwọn ìdánwò tó tẹ̀ lé e, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó kópa nínú wọn, fi hàn pé kíráísì àti ikú pọ̀ láàárín àwọn tó ń lò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa béèrè ohun kan náà nípa oògùn tuntun yòówù: ṣé nọ́ńbà inú àyẹ̀wò ló tún ṣe, àbí ara aláìsàn?

Tiwa náà wà níbẹ̀. Kó tó di 1975, Abáyọ̀mí Sófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ń yẹ àwọn igi tí a fi ń rin orín wò, bóyá wọ́n ń pa kòkòrò àrùn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé orín àtà kì í jẹ́ kí àwọ̀ pupa ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ṣá. Wọ́n tọpinpin rẹ̀, ó wá hàn pé ohun kan wà nínú gbòǹgbò rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ kọrọdọ. Ní 1975, wọ́n tẹ èsì ìdánwò àkọ́kọ́ lára èèyàn jáde. Ìdánwò ńlá tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni kò wáyé.

Ti oògùn tí wọ́n ń pè ní Nicosan jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni Ọ̀wọ̀ Ògúnyalé, oníṣègùn ìbílẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní oògùn tí ìdílé rẹ̀ ti ń lò tipẹ́ fún àìsàn yìí. Èso ìyèré wà nínú rẹ̀, kànáfùrù wà níbẹ̀, igi osùn àti ewé ọkà bàbà náà sì wà níbẹ̀. Ó gbé e fún NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, wọ́n sì jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé ìwádìí, wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n sì ṣe ìdánwò kékeré lára èèyàn, èsì rẹ̀ sì ń fúnni nírètí. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ láti máa ṣe é, NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Nàìjíríà, sì fọwọ́ sí i ní 2006. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, gbèsè mu ilé iṣẹ́ yẹn lómi, ó kéde pé òun kò lè san án mọ́. Bí ṣíṣe oògùn náà ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn, tí àwọn tó ti ń gbẹ́kẹ̀ lé e kò rí i rà mọ́.

Kì í ṣe ìmọ̀ ló pa Nicosan. Owó ló pa á, pẹ̀lú bó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, tó wà lókè òkun, ni gbogbo rẹ̀ wà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ka orúkọ ohun mẹ́rin yìí kó lọ se àgbo fún ọmọ. Ìwọ̀n, bí wọ́n ṣe fà á yọ àti bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò ló sọ ọ́ di oògùn, kì í ṣe orúkọ ewé.

Ohun tó wà nílẹ̀

Ìròyìn CRISPR dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kú níbí kò kú torí pé CRISPR kò dé. Wọ́n kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé SS ni wọ́n, nígbà tí àkóràn lásán gbé wọn lọ. Ní 1986, ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ọmọ kékeré tó ní àìsàn yìí bá ń lo penicillin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkóràn líle tí kòkòrò àrùn pneumococcus ń fà máa ń dínkù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn tí gbogbo apòògùn mọ̀ ni penicillin. Ohun tó kù ni ká mọ ọmọ tó nílò rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́fà, nígbà tí hẹmoglóbìn F ṣì ń dáàbò bò ó. Ẹ̀jẹ̀ kíún láti gìgísẹ̀ ọmọ ìkókó ti tó fún àyẹ̀wò náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ AS tí ẹ sì ti bímọ, ẹ má dúró de ìgbà tí ọwọ́ ọmọ máa wú. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ bí i. Bó bá jẹ́ SS, ẹ béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ dókítà: penicillin, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó pé, oògùn tí kò ní jẹ́ kí ibà mú un, àti hydroxyurea. Bó bá ti pé ọdún méjì, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò iṣan ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní TCD. Bí ọsibítù tí ẹ wà kò bá ní ohun tí ẹ béèrè, ẹ jẹ́ kí wọ́n júwe ibi tó wà fún yín. Ibùdó àjọ Sickle Cell Foundation wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àwọn ọsibítù Yunifásítì wa sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò àṣẹ, àwọn ìdánwò tó kan ilẹ̀ wa ti dáhùn ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n dáhùn. Àyẹ̀wò ọmọ ìkókó, penicillin àti hydroxyurea kò nílò ìmọ̀ tuntun kankan. Ẹ fi wọ́n sínú ìṣúná owó ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe wà níbẹ̀. Ìtọ́jú olówó gọbọi ṣì ń bọ̀ wá rọrùn. Ọmọ tí a bá fi oògùn olówó pọ́ọ́kú gbà là lónìí nìkan ló máa wà láyé láti gbà á.